Bí ẹ ṣe lè rí páàtì tó bá BMW E28 mu gan-an, àti èyí tó yẹ kí ẹ fi mú un dára sí i

Páàtì BMW E28, irú 5 Series kan, ṣì pọ̀ níta. Láti 1981 ni ọkọ̀ náà ti jáde, E34, 5 Series tó tẹ̀ lé e, sì ti gba ipò rẹ̀ láti 1988, síbẹ̀ ẹ ṣì lè rí búrẹ́èkì rẹ̀, síìlì rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti púpọ̀ nínú irin abẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ní in kì í ṣe àìsí páàtì. Páàtì tí kò bá a mu ni. Méjì lè jọra bí ìbejì nínú àwòrán, kí ihò bóòtù ọ̀kan fi mílímítà méjì yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹni tó ń fi ojú rà, tàbí tó ń fi orúkọ ọkọ̀ rà, á san owó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń fi nọ́ńbà rà kì í sábà ṣìnà, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi máa pọ̀ nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

M535i, 535i àti 528i ni mo ní lọ́kàn jù, àwọn sedan tó lè gbé ìdílé, tó sì tún lè sáré gidi. M5 jẹ́ ara wọn, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, mo máa dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ọkọ̀ yín dé orí oṣù tí wọ́n ṣe é

Ẹ má tíì wá ohunkóhun. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kọ nọ́ńbà ṣásísì sílẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ṣùgbọ́n méje tó kẹ́yìn ni àwọn tó ń ta páàtì BMW máa ń béèrè. Tí ẹ bá tẹ méje yẹn sínú RealOEM, kátálọ́ọ̀gù páàtì BMW lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, á sọ irú ọkọ̀ náà, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é, ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde, ibi tí sítíárìn wà, àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe é fún.

Oṣù yẹn ṣe pàtàkì ju ọdún lọ. BMW kì í dúró de oṣù kìíní kó tó pààrọ̀ páàtì. Nínú kátálọ́ọ̀gù, ẹ máa rí páàtì kan náà ní nọ́ńbà méjì, tí wọ́n kọ oṣù àti ọdún sí ẹ̀gbẹ́ wọn: ọ̀kan parí ní oṣù kan, èkejì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ méjì tí ìwé wọn jọ ń sọ pé ọdún kan náà ni wọ́n lè wà ní apá méjèèjì ìlà yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí nọ́ńbà sọ ṣì ni ohun tó wà nílẹ̀. Láàárín ogójì ọdún, ẹ́ńjìnnì lè ti yí padà, gíábọ́ọ̀sì náà lè ti yí padà. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ wo irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà lára difurẹ́ṣà. Bí wọ́n bá kọ S ṣíwájú nọ́ńbà, bíi S 3.07, èyí tó ń fi agbára fún táyà méjèèjì nígbà tí ọ̀kan bá ń yọ̀ nìyẹn, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sì ni ìṣirò gíà rẹ̀. Bí kò bá sí S, ti lásán ni. Gíábọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ Getrag náà jẹ́ oríṣi méjì nínú àwọn ọkọ̀ yìí. Èyí tí ilé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣeé tú kúrò lára rẹ̀ ni 265, èyí tí ilé kílọ́ọ̀ṣì àti ara gíábọ́ọ̀sì jẹ́ irin kan ṣoṣo ni 260. Ẹ má ra síìlì kankan fún un kí ẹ tó mọ èyí tí ẹ ní.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní "3.5". Ẹ́ńjìnnì méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ti àtijọ́, tó wà nínú M535i àkọ́kọ́ (E12, 5 Series tó ṣíwájú E28) àti 635CSi ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́ 3453 cc, fífẹ̀ sílíńdà rẹ̀ jẹ́ mílímítà 93.4. Ti E28 jẹ́ 3430 cc, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 92. Ẹni tó bá ta gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tàbí ríǹgì píṣítíìnì fún yín pẹ̀lú "BMW 3.5 onísílíńdà mẹ́fà" nìkan kò tíì sọ nǹkan kan. Kódà láàárín 3430 cc fúnra wọn, ìyàtọ̀ wà. M535i tí kò ní catalytic converter (ẹ̀rọ tó ń dín èéfín olóró kù) ní ìfúnpọ̀ 10.0:1, ó sì ń mú horsepower 218 wá. Èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú catalytic converter ní 8.0:1 pẹ̀lú horsepower 185 péré. Píṣítíìnì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, kọ̀ǹpútà tó ń darí epo àti iná wọn kò sì ṣeé fi pààrọ̀ ara wọn bó ṣe wù wá.

Bí ti yín bá jẹ́ 520i tàbí 525e, M20 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bẹ́líìtì ló ń yí kámúṣáàfù rẹ̀, kì í ṣe ṣéènì bíi ti M30, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà tó wà nínú 528i àti 535i. Ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára tẹ́ńṣọ́nà: Z127 ni ti tuntun, Z111 ni ti àtijọ́, eyín bẹ́líìtì méjèèjì kò sì bára mu. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn kẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, nítorí bó bá já, fáfù á gbá píṣítíìnì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà páàtì

Nọ́ńbà páàtì BMW jẹ́ oní-díjíìtì 11. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí páàtì náà ti wá lára ọkọ̀: 11 ni ẹ́ńjìnnì, 13 ni ètò epo, 17 ni ìtútù omi, 23 ni gíábọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́, 31 ni irin abẹ́ iwájú, 32 ni sítíárìn, 33 ni irin abẹ́ ẹ̀yìn, 34 ni búrẹ́èkì, 51 ni àwọn ohun tí wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, 61 ni iná mànàmáná, 62 ni dáṣíbọ́ọ̀dù. Méje tó kẹ́yìn ló ń dá páàtì náà mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Bí ẹnìkan bá fi nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 34 ránṣẹ́ sí yín fún bọ́ọ̀ṣì iwájú, ẹ ti mọ̀ kíá pé àṣìṣe wà níbìkan.

Nọ́ńbà a máa yí padà. BMW lè fagi lé ọ̀kan kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tuntun náà sì lè yí padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Nítorí náà bí nọ́ńbà tí wọ́n fún yín bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ má bínú, ẹ má sì gbà á lójú ẹsẹ̀. Ẹ béèrè bí ọ̀kan ṣe di èkejì, kí ẹ tọ̀ ọ́ títí dé òpin nínú kátálọ́ọ̀gù. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé páàtì ti parí, tí kò sì sí ìrọ́pò, ẹ wo àwọn ọkọ̀ mìíràn tó ń lo nọ́ńbà kan náà. RealOEM máa ń tò wọ́n sílẹ̀. Ìbátan E28 tó súnmọ́ ọn jù ni 6 Series (E24) tí wọ́n ṣe láti àárín 1982, nítorí ìgbà yẹn ni BMW gbé E24 sórí irin abẹ́ E28. Páàtì tó ti wọ́n lábẹ́ orúkọ E28 lè wà nílẹ̀ lábẹ́ orúkọ 635CSi. Ẹ wo BMW Classic náà, ẹ̀ka BMW tó ń bójú tó ọkọ̀ àtijọ́, nítorí wọ́n máa ń tún ṣe àwọn páàtì kan tó ti tán tẹ́lẹ̀.

Ti Bosch yàtọ̀. Oní-díjíìtì 10 ni, ó sì sábà máa ń wà lára páàtì fúnra rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 261 200 ni kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, 0 280 150 ni injector tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, 0 580 ni pọ́ǹpù epo. Nígbà tí ẹ bá ń ra injector tàbí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà Bosch ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ta ló ṣe é?

BMW kì í ṣe gbogbo páàtì fúnra rẹ̀. Lemförder ló ń ṣe ọ̀pọ̀ irin abẹ́ àti balljoint, ATE ló ń ṣe búrẹ́èkì, Sachs ló ń ṣe kílọ́ọ̀ṣì, Boge àti Bilstein ń ṣe ṣọ́ọ̀kì, Mahle ń ṣe píṣítíìnì, Elring àti Victor Reinz ń ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì. Páàtì kan náà lè wà nínú páálí BMW, kó tún wà nínú páálí ẹni tó ṣe é, ní owó tó kéré. Nígbà míì ẹ máa rí i lára irin Lemförder pé wọ́n ti ha àmì BMW kúrò. Ẹ má rò pé ayédèrú ni. Láti ilé iṣẹ́ kan náà ló ti jáde, òfin ìṣòwò ló ní kí wọ́n pa àmì náà rẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ tà á nínú páálí tiwọn.

Èrò mi lórí èyí le díẹ̀. Ohunkóhun tó bá di táyà mú, tó ń dá ọkọ̀ dúró tàbí tó ń darí rẹ̀, ẹ rà á lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é fún BMW tàbí kí ẹ rà á nínú páálí BMW. Bọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ṣe é kì í tọ́jọ́, owó iṣẹ́ láti tún un tú á sì ju owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lọ. Rọ́bà ilẹ̀kùn àti ti wíńdò ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n ra ti BMW gan-an, nítorí ti ibòmíràn kì í sábà jókòó dáadáa, omi á sì wọlé. Fún fílítà, Mann tàbí Mahle tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tòkunbọ̀, àti tuntun tó ti pẹ́ lórí ṣẹ́ẹ̀fù

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí ẹ ra ní tòkunbọ̀ láéláé: họ́ọ̀sì búrẹ́èkì, họ́ọ̀sì epo, bẹ́líìtì, bọ́ọ̀ṣì, síìlì, àti àkúmílétọ̀ búrẹ́èkì tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Àwọn mìíràn wà tí tòkunbọ̀ gidi sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ: kọ̀ǹpútà Bosch, gíláàsì, àga, súìṣì, irin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, difurẹ́ṣà. Air flow meter, tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, wà láàárín. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, ẹ fi ìka ti ilẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀, kó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfi ibì kan há, kó sì padà fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè àwòrán nọ́ńbà tó wà lára páàtì náà, àwòrán ibi tí wáyà ti ń wọ̀ ọ́, àti àwòrán ibi tí bóòtù ti ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kọ̀ láti yà á, ẹ fi í sílẹ̀.

Páàtì tuntun tó ti jókòó lórí ṣẹ́ẹ̀fù láti ọdún 1990 máa ń fa èèyàn mọ́ra, pàápàá bí páálí rẹ̀ bá jẹ́ ti BMW àtijọ́. Irin inú rẹ̀ lè dára. Rọ́bà inú rẹ̀ ti darúgbó láìṣiṣẹ́. Ẹ wá àmì ọjọ́ lára rọ́bà àti pílásítíìkì, ó sábà máa ń jẹ́ òbìrípo kékeré tí ọfà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ọdún. Táyà ní tirẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún.

Àwọn ibi tí E28 fúnra rẹ̀ ti máa ń dán èèyàn wò

Búrẹ́èkì ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Nínú ọ̀pọ̀ E28 onísílíńdà mẹ́fà, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ lórí búrẹ́èkì. Pọ́ǹpù sítíárìn ló ń ti ọ́ìlì lọ síbẹ̀, àkúmílétọ̀ róbótó kan tí gáàsì nitrogen wà nínú rẹ̀ sì ń fi agbára pamọ́ sí i. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ wá máa tẹ búrẹ́èkì. Bó bá le gbagidi ní ìtẹ̀ kìíní tàbí ìkejì, gáàsì ti tán nínú àkúmílétọ̀, àkókò tó láti ra òmíràn. Ti E24 ìgbà yẹn ń lo ètò kan náà, ẹ wá a níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ tó tú páìpù kankan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ búrẹ́èkì léraléra títí á fi le pátápátá, nítorí agbára tó wà nínú páìpù yẹn lè ṣe èèyàn léṣe.

Ọ́ìlì méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má pa wọ́n pọ̀. ATF, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì aládàáṣe, ló ń lọ sínú táǹkì sítíárìn tó ń ti búrẹ́èkì. DOT 4, ọ́ìlì búrẹ́èkì, ló ń lọ sínú táǹkì búrẹ́èkì. Síìlì tó gba ọ̀kan á wú, á sì bàjẹ́ bí èkejì bá kàn án. Nítorí náà nígbà tí ẹ bá ń ra síìlì fún apá kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ apá tí ẹ ń rà á fún.

Bí géèjì ooru bá ń fò sókè sódò, tí géèjì ìyára ẹ́ńjìnnì bá kú, tí iná sáfíìsì kò sì fẹ́ pa mọ́, ẹ má tíì ra sensor kankan. Bọ́ọ̀dù kékeré kan wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, SI ni wọ́n ń pè é, bátìrì kékeré tí wọ́n jó mọ́ ọn máa ń jò, á sì jẹ wáyà bọ́ọ̀dù náà. Bọ́ọ̀dù tuntun wà fún títà. Bó bá jẹ́ bátìrì nìkan lẹ fẹ́ pààrọ̀, irú tó ń gba iná padà ni kí ẹ fi sí i, nítorí bọ́ọ̀dù náà máa ń fi iná ranṣẹ́ sí i. Ẹ ka orúkọ ẹni tó ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù àti nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ra bọ́ọ̀dù.

Sítíárìn tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí 80 sí 90 kìlómítà ní wákàtí kan, tí bálánsì táyà kò sì yanjú rẹ̀, bọ́ọ̀ṣì control arm òkè ní iwájú ló sábà ń fa á. Ọ́ìlì ló wà nínú ti àtilẹ̀wá, ó máa ń ya. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi bọ́ọ̀ṣì tó le díẹ̀ tí BMW ṣe fún 750iL (E32, 7 Series) rọ́pò rẹ̀, èmi náà sì fara mọ́ ọn: ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, fún ọkọ̀ tó wúwo jù.

Nígbà tí ẹ bá ń ra gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí fáfù M30, ẹ ra bóòtù oníhò tó di páìpù ọ́ìlì kámúṣáàfù mú àti wáṣà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Bóòtù yẹn máa ń tú díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, kámúṣáàfù á sì máa yí láìsí ọ́ìlì tó tó.

Ní ti M5: M88/3 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, fáfù 24, horsepower 286, èyí tó lọ sí Amẹ́ríkà sì jẹ́ S38 pẹ̀lú 256. Páàtì M30 kò wọ orí ẹ́ńjìnnì yẹn. M635CSi ni ìbátan rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa wá.

Mímú un dára sí i, lẹ́yìn tó bá ti pé

Ọkọ̀ tí bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jẹ kò nílò síprìngì tuntun, bọ́ọ̀ṣì ló nílò. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ pé bó ṣe wà nígbà tó jáde, kí ẹ wá pinnu ohun tó kù. Lójú mi, àtúnṣe tó dára jù ni èyí tó ti inú ìdílé BMW wá, tó sì ṣeé dá padà.

Táyà ni ẹnu ọ̀nà. M535i jáde pẹ̀lú ríìmù TRX, tí wọ́n fi mílímítà wọ̀n: táyà rẹ̀ ni 220/55 VR 390. Táyà oní-íńṣì 15 tàbí 16 kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ètè ríìmù náà yàtọ̀. Michelin ṣì ń ṣe táyà TRX, ó wọ́n, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ wà bó ṣe wà. Bí ẹ bá fẹ́ ríìmù mìíràn, bóòtù E28 jẹ́ 5x120, ihò àárín rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 72.6, pẹ̀lú ET (iye mílímítà tí ojú ibi tí ríìmù ti ń dì mọ́ ọkọ̀ fi jìnnà sí àárín ríìmù) tó wà ní àyíká 20. Ti E34 wọ̀ ọ́ láìsí wàhálà. Ti E39, 5 Series tó tẹ̀ lé E34, náà jẹ́ 5x120, ṣùgbọ́n ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 74.1, ẹ gbọ́dọ̀ fi ríǹgì dí àlàfo náà kí ó má bàa gbọ̀n. Ti E36 àti E46 (3 Series) ní ET tó ga jù, táyà á wọ inú jù.

Ṣọ́ọ̀kì Bilstein: B6 ni fún síprìngì tó ga bó ṣe yẹ, B8 ni fún síprìngì tí wọ́n gé kúrú. Ẹ má fi B6 sábẹ́ síprìngì kúkúrú, ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti ń rìn á kéré jù.

Búrẹ́èkì E34 tó tóbi ju ti yín lọ ṣeé gbé wá, àmọ́ ẹ kà á pọ̀: dísíkì tó tóbi nílò ríìmù tó tóbi tó láti gbà á, caliper tó ní píṣítíìnì tó tóbi sì nílò master cylinder tó bá a mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ búrẹ́èkì á jìn. Fún ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà lásán, páàdì tó dára, dísíkì tuntun, họ́ọ̀sì tuntun àti DOT 4 tuntun ti tó.

Ẹ́ńjìnnì E34 535i, M30B35, ni ọ̀pọ̀ ń gbé sínú E28 tó ní catalytic converter. Horsepower 211 àti ìfúnpọ̀ 9.0:1 ló ní, kọ̀ǹpútà Motronic 1.3 rẹ̀ sì dára ju ti àtijọ́ lọ. Bí ti yín bá jẹ́ 185, ó tọ́ sí i, bí ẹ bá ra ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú wáyà, kọ̀ǹpútà àti sensor rẹ̀ pọ̀ láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo. Bí ti yín bá jẹ́ 218, ẹ fi owó yẹn tún èyí tí ẹ ní ṣe.

Ẹ wo òfin ibi tí ẹ ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ra. Ní Jámánì, nọ́ńbà H fún ọkọ̀ tó ti pé ọdún 30 ń béèrè pé kó wà bó ṣe wà, tàbí kí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà ayé rẹ̀. Ríìmù tí ìwé àṣẹ kò bá tẹ̀ lé lè dá yín dúró lọ́dọ̀ TÜV, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀.

Nígbà tí páàtì bá dé

Ẹ má tú ọkọ̀ palẹ̀ kí páàtì tó dé. Bó bá dé, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ lórí tábìlì, ẹ ka ihò, ẹ wọn ìwọ̀n, ẹ wo ibi tí wáyà ti ń wọ̀ ọ́, ẹ ka nọ́ńbà lára páàtì, kì í ṣe ti páálí nìkan. Bí ohunkóhun bá yàtọ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ sì dá a padà láì tíì fi kàn ọ́ìlì, nítorí kò sẹ́ni tó ń gba páàtì tó ti dọ̀tí padà.

Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ fi í sí i àti iye kìlómítà sínú ìwé ọkọ̀. Ẹ tọ́jú èyí tí ẹ yọ náà bó bá jẹ́ caliper, pọ́ǹpù sítíárìn, stata tàbí atanétọ̀ Bosch: wọ́n ṣeé tún ṣe pẹ̀lú síìlì àti bẹ́árìn tuntun, àwọn tó ń tún wọn ṣe sì máa ń béèrè fún èyí tó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó ta èyí tó dára fún yín.